N kò gùfẹ̀ rí láyé mi: ṣé ìtọ́jú wà fún un?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti kékeré ni n kò ti lè gùfẹ̀. Bí mo bá jẹun tán, ọ̀fun mi á máa ké bí ọ̀pọ̀lọ́, àyà á há mọ́ mi, nígbà tó bá fi máa di alẹ́, ikùn mi á ti le gbagidi. Wọ́n ti ki kámẹ́rà bọ̀ mí lọ́fun, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan. Mo gbọ́ pé abẹ́rẹ́ kan wà. Báwo ni wọ́n ṣe ń gún un, ṣé kò léwu?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà. Àìsàn gidi ni, kì í ṣe ìrònú lásán. Iṣan kan wà lẹ́yìn gògóńgò, tó yí ẹnu ọ̀nà oúnjẹ ká. Cricopharyngeus ni wọ́n ń pè é. Pípadé ló máa ń wà. Bí a bá gbé nǹkan mì, á ṣí, á tún padé kíá. Ó yẹ kó ṣí bákan náà fún afẹ́fẹ́ tó ń ti inú bọ̀. Ó jọ pé tiyín kì í ṣí fún un. Afẹ́fẹ́ á gòkè, á bá ọ̀nà ní títì, á tún padà sísàlẹ̀: igbe tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Èyí tó kù á gba ìfun lọ, ìdí nìyí tí àwọn tó ní in fi máa ń só púpọ̀. Èébì pàápàá máa ń nira fún ọ̀pọ̀ wọn.

Kámẹ́rà kò rí nǹkan kan nítorí pé iṣan náà kò ní egbò. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló dàrú. Ohun tí aláìsàn bá sọ ni dókítà sábà máa fi ń dá a mọ̀. Lọ́dún 2019 ni Dókítà Robert Bastian ní Amẹ́ríkà àti ẹnìkejì rẹ̀ kọ nípa aláìsàn 51 tí wọ́n tọ́jú, orúkọ tí wọ́n fún un, R-CPD (retrograde cricopharyngeus dysfunction, ìyẹn ni pé iṣan náà kì í ṣí fún ohun tó ń gòkè bọ̀), sì ti tàn kálẹ̀. Ẹ kọ orúkọ yìí sílẹ̀ kí ẹ mú un lọ bá dókítà etí, imú àti ọ̀fun, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Botox, oògùn tó ń mú kí iṣan rọ̀, ni abẹ́rẹ́ náà. Wọ́n sábà máa ń kun aláìsàn lóorun, wọ́n á ki irin gba ẹnu rẹ̀, wọ́n á sì fún iṣan náà ní yúníìtì 50 sí 100. Ọ̀pọ̀ ló ń lọ sílé lọ́jọ́ náà. Àwọn dókítà mìíràn máa ń gún un láti ọrùn lójú fífò, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí iṣan wà hàn. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́. Ewu ibẹ̀ ni pé oògùn lè ṣàn dé iṣan ohùn. Ohùn lè há. Bí èémí bá ń dún tàbí tó ń ṣòro, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó lóyún tàbí tó ní àìsàn tó ń sọ iṣan di aláìlágbára gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ṣáájú.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan, gígùfẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń já ara wọn kulẹ̀ rèé. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, oúnjẹ á máa lọ́ra lọ́fun, ó sì lè padà gòkè, torí iṣan tó ti rọ̀ kò lè dènà rẹ̀ mọ́. Ẹ gé òkèlè kéékèèké, ẹ jẹ ẹ́ kúnná, ẹ máa fi omi díẹ̀ tì í, ẹ má sì dùbúlẹ̀ títí wákàtí mẹ́ta á fi kọjá. Ní àsìkò yìí gan-an ni kí ẹ máa kọ́ra: ẹ mu ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò díẹ̀, ẹ yí ojú sí èjìká kan, ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde. Agbára oògùn á tán ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni gígùfẹ̀ ń bá lọ fún, torí ara ti mọ̀ ọ́n. Bó bá sọnù, wọ́n lè tún abẹ́rẹ́ gún. Bí ìyẹn náà kò bá tó, iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń gé díẹ̀ lára iṣan náà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé oògùn inú rírun kò lè ṣe é?

ÌDÁHÙN: Kò lè ṣe é. Simethicone, ọ̀kan lára wọn, ń so hóró afẹ́fẹ́ pọ̀ ni, kì í ṣí iṣan. Sódà tún ń fi afẹ́fẹ́ kún un. Àmọ́ o, bí ẹni tó ti ń gùfẹ̀ dáadáa bá dédé ṣíwọ́, tí oúnjẹ ń há a lọ́fun tàbí tó ń rù, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Kó tètè lọ ṣàyẹ̀wò.