Eré ìgbà ìwọ́wé wo ni mo lè ṣe pẹ̀lú ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Adó-Èkìtì?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Tíṣà. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá ni ewé máa ń pọ́n tó sì ń rẹ̀. Tiwa di ìgbà ọyẹ́. Abẹ́ igi fúrúùtù ni kí ẹ kó wọn lọ, torí ewé rẹ̀ máa ń pọ́n kó tó jábọ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣa márùn-ún, kó tò wọ́n láti orí kékeré dé ńlá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé: ẹ dojú ewé délẹ̀, ẹ tẹ́ bébà lé ẹ̀yìn rẹ̀, kí ọmọ fi ẹ̀gbẹ́ kíráyọ̀n ra á jẹ́jẹ́. Iṣan ewé á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i bí ojú wọn ṣe máa là! Ewé tó ti gbẹ jù máa ń fọ́, ẹ má lò ó.

Bí wọ́n bá bi yín ìdí tí igi fi ń wọ́wé, ẹ sọ fún wọn pé ara ewé ni omi igi ti ń bá afẹ́fẹ́ lọ; igi ń ṣọ́ omi rẹ̀ lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ẹ ṣáà yẹ abẹ́ igi wò kí wọ́n tó débẹ̀, nítorí àkekèé.