London sí Brighton lórí kẹ̀kẹ́: òkè ìparí ni kẹ́ ẹ gbára dì fún

Ẹni tó béèrè bóyá ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ kọjá máìlì 20 rí lè ti London dé Brighton lóòjọ́: ó ṣeé ṣe. Bí èmi náà ṣe wà nìyẹn nígbà àkọ́kọ́. Mo débẹ̀ o, àmọ́ ojú mi rí màbo.

Tẹ́ ẹ bá gbéra ní Clapham Common, ó tó nǹkan bíi máìlì 54 sí etí òkun. 54 yẹn ló máa ń ba èèyàn lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló dá mi lágara. Ditchling Beacon ni. Òkè náà ga tó mítà 248, ibi tí kò ju bíi máìlì 8 lọ mọ́ kẹ́ ẹ dé ló sì jókòó sí, nígbà tí ẹsẹ̀ ti kú tán.

Lọ́jọ́ yẹn, tíì nìkan ni mo mu jáde nílé. Ara mi yá gágá, gbogbo ẹni tó bá wà níwájú ni mo fẹ́ yà sílẹ̀. Mo gun Turners Hill bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mi ò fẹnu kan nǹkan kan, torí ebi ò pa mí. Àṣìṣe ńlá! Ṣúgà tí ara tọ́jú sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ kì í sábà kọjá wákàtí méjì tèèyàn bá ń lo agbára gan-an, tí ebi bá sì fi máa pa yín, ó ti bọ́.

Bí mo ṣe dé ìdí Ditchling, ọ̀nà tóóró, igi bò ó lọ́tùn-ún lósì, ẹ ò ní rí òkè rẹ̀. Kọ́nà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá yà, ẹ ó rò pé òun ló kẹ́yìn. Mo ti wà lórí gíà tó fúyẹ́ jù lọ, ọwọ́ mi ṣì ń wá òmíràn, kò sí. Ni pajápajá bá mú mi nítan ọ̀tún, ó le bí òkúta. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́, bàtà mi tó nírin nísàlẹ̀ ń yọ̀ mí lórí ọ̀dà. Bàbá arúgbó kan rọra gun tirẹ̀ kọjá, ó ní kí n má mikàn, ó ti kù díẹ̀. Irọ́ ni, kò kù díẹ̀.

Ìgbà kejì, mi ò sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ìdajì wákàtí ni mo ń jẹ nǹkan, ì báà jẹ́ ààbọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí dàbínù mélòó kan, bí mi ò tiẹ̀ fẹ́. Mo tún ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ gíà ẹ̀yìn sí èyí tí eyín rẹ̀ tó 34, kó lè túbọ̀ fúyẹ́ lórí òkè. Owó tí mo ná sórí kẹ̀kẹ́ yẹn tí kò dùn mí rárá nìyẹn.

Ẹ tètè gbéra. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ilẹ̀ á gbóná ju òkun lọ, tó bá sì di ọ̀sán, atẹ́gùn á máa fẹ́ láti ojú òkun wá bá yín láyà, nígbà tẹ́ ò lágbára àtibá a jà mọ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń jáde báyìí.

Ẹ mú túùbù méjì àti pọ́ǹpù dání, kò sí fọganáísà lójú ọ̀nà yẹn.

Tẹ́ ò bá tiẹ̀ fẹ́ rí Ditchling sójú, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní National Cycle Route 20 gba Crawley àti Pyecombe lọ. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, ariwo mọ́tò ti pọ̀ jù létí títì ńlá A23.

Ẹ yẹ bíréèkì yín wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ sì ká jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ kan sápò. Téèyàn bá dé orí òkè, tó rí òkun lọ́ọ̀ọ́kán, ṣe ló máa fẹ́ já ara ẹ̀ sílẹ̀ wìì. Òógùn ti rin aṣọ, atẹ́gùn ìsọ̀kalẹ̀ yẹn tutù débi pé ìka mi ò lè fún bíréèkì dáadáa lọ́jọ́sí.