Ọkọ̀ pọ́ọ́kú láti Ìdíróko: ṣé kí n rà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Olùkọ́ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹnìkan fẹ́ ta Corolla 2008 fún mi ní Ìdíróko, lẹ́nubodè Benin. Tòkunbọ̀ ni, kò tíì ní nọ́ńbà. Iye tó pè é fi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dín sí iye tí wọ́n pè é fún mi ní Berger, l'Ékòó. Ó ní ìwé rẹ̀ pé. Ṣé kí n rà á? Kí ló tilẹ̀ dé tí ọkọ̀ àlòkù fi wọ́n tó báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn oníbàárà gba ọkọ̀ jáde ní èbúté Tin Can. Mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ tí ẹ rí yẹn, ó jọ owó aṣọ́bodè tí ẹnikẹ́ni kò san. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Èbúté nìkan ló bófin mu. Síbẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń ti Kútọnu wá lóru, gba inú igbó, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹni tó tà á á ti kówó lọ. Ọkọ̀ ni gbèsè ń tẹ̀ lé, ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ ni wọ́n ti ń gbà á. Ní 2019, àwọn aṣọ́bodè ti ọ̀pọ̀ ọgbà ìtajà ọkọ̀ pa nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ti ọ̀wọ́n, dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé ọkọ̀ kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ sí náírà. Ní 2022, ìjọba ṣe diútì ọkọ̀ àlòkù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì fi ìdá 15 lé e. VAT àti owó wẹ́wẹ́ kò sí nínú ìyẹn. Ká ní wọ́n díye lé ọkọ̀ kan ní 4,000 dọ́là. Nígbà tí dọ́là ṣì wà ní 460 náírà, ìdá 35 yẹn jẹ́ 644,000 náírà. Nígbà tó di 1,500, ó di 2,100,000. Ọkọ̀ kan náà ni o, taya kan ò kún un.

A ti to ọkọ̀ nílé rí: Volkswagen ń to Beetle, ọkọ̀ tí a ń pè ní ìjàpá, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, Leyland ń to ọkọ̀ akẹ́rù n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n òkèèrè ni ẹ̀yà ara wọn ti ń wá. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986, apá wọn ò ká a mọ́, tòkunbọ̀ sì gba ọjà. Iṣẹ́ àtúnṣe ló wá kù sí wa lọ́wọ́: mẹkáníìkì, rẹwáyà, fọkanáísà, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ladipo. Mi ò lè bú tòkunbọ̀, èmi náà ń jẹ níbẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ wò ó, ọ̀sán gangan ni kí ẹ lọ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lọ́wọ́ awakọ̀. Nọ́ńbà ṣásí wà níbẹ̀, mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀. Kì í ní I, O tàbí Q. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ náà ti wá, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 8 ni 2008. Bí ẹ bá bá 5 níbẹ̀, wọ́n ti fi ọdún mẹ́ta rẹ́ yín jẹ. Kí nọ́ńbà yìí bá ti orí ìwé diútì mu, lẹ́tà kan ò gbọdọ̀ yàtọ̀. Ẹ má gba fọ́tò ìwé lórí WhatsApp. Ẹ gbé ìwé fún ajẹ́ńtì tó ní àṣẹ, kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ aṣọ́bodè.

Ẹ tún fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá. Bí ẹ bá rí ìlà ẹrẹ̀ lára rẹ̀, omi ti gbé ọkọ̀ náà rí. Oníbàárà mi kan ra irú rẹ̀. Wọ́n ti fọ ìjókòó, wọ́n fín lọ́fínńdà sí i, àfìgbà tí mẹkáníìkì ká kápẹ́ẹ̀tì tá a bá iyanrìn lábẹ́ rẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí iná ọkọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège.

Bí ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà bá ní, "Ẹ sanwó ná, a ó bá yín ṣe ìwé rẹ̀," ẹ dìde. Ọkọ̀ tó gba igbó wọlé, kò sí ìwé gidi tí wọ́n lè ṣe fún un. Ẹ padà sí Berger, kí ẹ na ọjà náà dáadáa. Ẹni tó pè é ní gọbọi ti mọ̀ pé ẹ ó nà án.