Hilux dísẹ́ẹ̀lì àti tirélà pákí: ibo ni kí owó kọ́kọ́ lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Hilux 2.5 dísẹ́ẹ̀lì ni mò ń lò, jíà ọwọ́ ni. Mo fẹ́ máa fi fa tirélà kékeré onítáyà mẹ́rin láti oko wa lẹ́bàá Ẹ̀fọ̀n Alààyè lọ sí Iléṣà. Tirélà náà pẹ̀lú pákí inú rẹ̀ á tó kílò 2,000. Ẹnì kan ní òun á fi chip sí ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i. Wẹ́dà ní òun á jó họ́ọ̀kù mọ́ bọ́ḿpà ẹ̀yìn. Ṣé kí n gbà fún wọn?

Ìdáhùn: Ẹ má gbà fún ìkankan nínú wọn. Ẹ́ńjìnnì yẹn á fa kílò 2,000, á kàn máa rọra gòkè ni. Bí ẹ ó ṣe dá a dúró nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n ló yẹ kó gba oorun lójú yín.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà, kílò 750 ni òpin tirélà tí kò ní bíréèkì tirẹ̀ fún Hilux. Tiyín ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, tirélà gbọ́dọ̀ ní bíréèkì. Ẹ tún yẹ ìwé ọkọ̀ yín wò fún òpin tirélà oníbíréèkì, torí 4x2 àti 4x4 kì í dọ́gba. Irú bíréèkì tí mo fẹ́ràn jù fún ọ̀nà wa ni èyí tí kò nílò iná: bí ẹ bá tẹ bíréèkì ọkọ̀, tirélà á fẹ́ rọ́ wá síwájú, ìrọ́wá yẹn á ti ọ̀pá kan wọlé níbi ìdè, ọ̀pá náà á sì fa bíréèkì táyà tirélà. Kò ní wáyà iná tí ìpẹta lè jẹ. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí ẹ bá ń fi ẹ̀yìn rìn gòkè, ó lè di táyà mú, àyàfi tí wọ́n bá ṣe é kó máa tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ ti wọ jíà kejì tàbí ìkẹta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ẹ má dúró dìgbà tí bíréèkì bá ń rùn. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kì í fi bẹ́ẹ̀ di ọkọ̀ mú bíi ti pẹtiróòlù tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Ní ti họ́ọ̀kù, páànù tí wọ́n tẹ̀ ni bọ́ḿpà, kì í ṣe ohun tí a fi ń fa ẹrù. Kí wọ́n fi bóòtì de họ́ọ̀kù mọ́ ṣàsí, irin gígùn abẹ́ ọkọ̀, lọ́tùn-ún lósì, bóòtì tí wọ́n kọ 8.8 tàbí 10.9 sí lórí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iná jó ṣàsí, ooru máa ń sọ irin yẹn di ọ̀lẹ. Kí ẹ sì wọn bọ́ọ̀lù ìdè náà: àwọn tòkunbọ̀ láti Yúróòpù máa ń jẹ́ mílímítà 50, ti Amẹ́ríkà jẹ́ ínṣì 2, ìyẹn mílímítà 50.8. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá bára mu, ìdè náà á dẹ̀ tàbí kó má pa dé. Ẹ gbé ṣéènì méjì kọjá ara wọn lábẹ́ ọ̀pá ìfà.

Ẹ di ẹrù inú tirélà kí ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀, nǹkan bíi kílò 200, lè tẹ họ́ọ̀kù. Bó bá kéré jù, tirélà á máa fì lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n kílò 200 yẹn wà lẹ́yìn áàsù, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí igi tí a fi ń hú òkúta: táyà ẹ̀yìn á gba nǹkan bíi 280, nígbà tí táyà iwájú á fúyẹ́ pẹ̀lú bíi 80, ìtọ́kọ̀ á sì rọ̀. Nítorí náà, ẹ má tún kó àpò gààrí kún ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, torí ìwọ̀n họ́ọ̀kù wà lára ẹrù tí ọkọ̀ ń gbé. Ewé sípíríǹgì kan sí i lẹ́yìn dára, ó ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè, ṣùgbọ́n kò fi kílò kankan kún ohun tí ọkọ̀ lè gbé. Iléeṣẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ sábà máa ń ní òṣùwọ̀n ọkọ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọn tiyín.

Chip wàyí. Ó ń bu epo kún un, afẹ́fẹ́ kì í sì í tó. Lórí òkè gígùn, epo tó pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ á di èéfín dúdú àti ooru tó lè jó tọ́bò àti písítìnì. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín kò bá ní ihò afẹ́fẹ́ lókè, ó ṣeé ṣe kí 2.5 yín má ní intercooler (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù kó tó wọ ẹ́ńjìnnì) rárá, ẹ ò ní nǹkan tí ẹ ó fi tu ooru yẹn. Mo kúkú fẹ́ kí ẹ fọ rédíétọ̀, kí ẹ yẹ ẹ̀rọ fáànù wò, kí ẹ sì fi asẹ́ tó ń yọ omi kún asẹ́ dísẹ́ẹ̀lì yín. Omi nínú epo ń pa àwọn injector, àwọn tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, kíákíá.

Táyà: nọ́ńbà 112 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sí kílò 1,120 lórí ẹyọ kan. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn kóòdù DOT tó wà lára táyà ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Tòkunbọ̀ tó ti gbó, ẹ má fi sí ẹsẹ̀ tirélà. Ẹ gbà á pé gíríìsì bíárìn tirélà náà ti gbẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó gbé àpò pákí àkọ́kọ́.