Ẹ́jẹ́ǹtì màmá mi ń kọ owó tẹ́nikẹ́ni ò san

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo wà, màmá mi ń ta aṣọ lọ́jà Àtàkúnmọ́sà, àwọn oníbàárà ń rà á láwìn, wọ́n ń san án díẹ̀díẹ̀. Mo wá ṣe ẹ́jẹ́ǹtì AI kan sórí WhatsApp tó ń dá wọn lóhùn. Irinṣẹ́ méjì, ìyẹn iṣẹ́ tó lè ní kí kóòdù bá òun ṣe, ni mo fún un: ọ̀kan ń jẹ́ "owo", àpèjúwe ẹ̀ ni "fún owó oníbàárà", èkejì ń jẹ́ "san", àpèjúwe tiẹ̀ ni "fún sísan owó". Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyá kan fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ pé "mo ti san elo, o ku elo", àfi bó ṣe lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá náà san 5,000 náírà! Mo ti yẹ kóòdù wò títí, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ṣé kí n pààrọ̀ AI yẹn ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, bá mi kí màmá o, má sì tíì pààrọ̀ nǹkan kan. Iṣẹ́ òṣómàálò gan-an ni wọ́n ń ṣe yẹn, ìwé gbèsè sì ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà, mo mọ bó ṣe máa dùn wọ́n tó.

Kóòdù tó ò ń yẹ̀ wò yẹn, AI ò rí i rárá. Ohun tó ń dé iwájú ẹ̀ nípa irinṣẹ́ ò ju orúkọ ẹ̀, àpèjúwe ẹ̀, àtàwọn nǹkan tó o ní kó kọ sínú ẹ̀ lọ, inú ìyẹn ló ti ń pinnu èyí tó máa mú. Ìwọ mọ̀ pé gbèsè ni "owo" ń wò torí pé ìwọ lo kọ ọ́, báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀? Orúkọ irinṣẹ́ lọ́dọ̀ OpenAI àti Anthropic kì í gba àmì ohùn, lẹ́tà lásán, nọ́ńbà àti ìlà kékeré (_ tàbí -) ló ń gbà, torí náà "owo" lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ òwò, ó lè jẹ́ ọwọ́. Pè é ní "wo_gbese_to_ku", kó o pe èkejì ní "ko_owo_ti_won_san".

Àpèjúwe wá ńkọ́? Gbólóhùn 3 tàbí 4 ò pọ̀ jù. Bí mo ṣe máa kọ ti àkọ́kọ́ nìyí:

"Ó ń wo iye gbèsè tó kù lọ́rùn oníbàárà kan, kì í yí nǹkan kan padà nínú ìwé. Lò ó tí oníbàárà bá ń béèrè, bíi 'o ku elo', 'elo ni mo je', 'mo ti san elo'. Má lò ó tó bá ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó, ko_owo_ti_won_san ló wà fún ìyẹn. Ó máa dá iye tó ti san àti iye tó kù padà ní náírà, pẹ̀lú ọjọ́ tó sanwó kẹ́yìn."

Ṣó o rí i pé bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù láìsí àmì ni mo kọ àpẹẹrẹ yẹn? Gbólóhùn "má lò ó" yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé, òun gan-an sì ló máa ya irinṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ fún ẹ.

Ní ti 5,000 yẹn, mo rò pé o ní dandan ni kó kọ iye síbẹ̀, o ò sì sọ ohun tó máa ṣe tí kò bá rí iye, ló bá wá ọ̀kan fúnra ẹ̀. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye tí oníbàárà fẹnu ara ẹ̀ sọ nìkan, tí kò bá sọ, kó béèrè. Bákan náà ni nọ́ńbà fóònù, 11 ni, 0 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, má jẹ́ kó fi orúkọ wá èèyàn torí Ìyá Bísí mélòó ló wà n'Íléṣà? Ọjọ́ náà, sọ pé ọdún, oṣù, ọjọ́ ni kó ṣe máa tò ó, bíi 2025-04-03, torí wọ́n á ní "mo maa san lotunla". Tí nọ́ńbà ò bá sí nínú ìwé, jẹ́ kí irinṣẹ́ dáhùn pé "kò sí nọ́ńbà yìí, béèrè òmíràn", má kàn jẹ́ kó sọ pé "error".

Àmọ́ o, àpèjúwe kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ṣe é nínú kóòdù pé owó kankan ò ní wọ ìwé àfi tí màmá bá kọ́kọ́ tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" lórí fóònù wọn.

Mú mẹ́sẹ́ẹ̀jì 20 táwọn oníbàárà ti fi ránṣẹ́ rí, fi dán an wò, kó o wo irinṣẹ́ tó ń mú, èyí tó bá ṣì mú, tún àpèjúwe ẹ̀ kọ. Kẹ́ ẹ sì tètè yọ 5,000 yẹn kúrò nínú ìwé kí ìyá yẹn tó tún béèrè.