Ẹ Bi Ìyá Tíṣà: "Born", "borne" àti àwọn tó jọ wọ́n

Ìyá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo wà ní SS2. Nínú àròkọ tí mo kọ nípa ara mi, mo kọ "My mother born me in 2009." Tíṣà wa fi bíró pupa fa ìlà sí i. Mo tún un kọ: "I am born in 2009." Ó tún fa ìlà sí ìyẹn náà, kò sì sọ ìdí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo ṣe?
— Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ mi, Yorùbá lò ń rò nígbà tí o kọ ti àkọ́kọ́. Nínú Yorùbá, ẹni tó bímọ ló ni ọ̀rọ̀ náà: ìyá mi bí mi. Bàbá pàápàá ń bímọ lẹ́nu wa. Bí àgbàlagbà bá bi ọ́ pé "Ta ló bí ọ?", orúkọ bàbá rẹ lo máa kọ́kọ́ dá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, "born" kì í ṣe ohun tí ìyá ń ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ni. Ọmọ ló ń ṣíwájú, "was" tàbí "were" á tẹ̀ lé e, kí "born" tó wọlé: "I was born in 2009." Ìyá lè má sí nínú gbólóhùn náà rárá, kò sì sẹ́ni tó máa wá a.

Lọ ṣí Mátíù orí kìíní nínú Bíbélì King James, kí o ṣí Bíbélì Mímọ́ ti Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní "Abraham begat Isaac", Yorùbá ní Ábúráhámù bí Ísáákì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ka àwọn bàbá lọ, "begat" lórí "begat", títí wọ́n fi dé ẹsẹ 16, níbi tí wọ́n ti dárúkọ Màríà. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti ju "begat" sílẹ̀, ó ní "of whom was born Jesus". Yorùbá ò wá ọ̀rọ̀ míì lọ, ó kàn ní a bí Jésù. "Bí" kan náà ló ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ibi tí ẹsẹ̀ wa ti ń yọ̀ nìyẹn: a ní ọ̀rọ̀ kan tó gba bàbá, tó gba ìyá, tó gba ọmọ, a sì ń retí pé kí "born" náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti "I am born", ìbí rẹ ti kọjá, ẹ̀ẹ̀kan ló sì ṣẹlẹ̀, "was" ló yẹ ẹ́. "Are born" wà fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ déédéé: "Babies are born here every day." Bí o bá fẹ́ kí ìyá rẹ ṣíwájú gbólóhùn dandan, kọ "My mother gave birth to me" tàbí "My mother had me". Inú "bear" ni "born" ti jáde lóòótọ́, "My mother bore me" kò sì rú òfin kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, "bore" míì sì tún wà tó jẹ́ pé kí ọ̀rọ̀ èèyàn súni ni ìtumọ̀ rẹ̀. Má fi ìyá rẹ ṣeré níwájú àwọn WAEC.

Mo mọ̀ pé o máa ní Pijin ńkọ́. "She don born" tọ́ gan-an nínú Pijin, "Na Ogbomoso dem born me" náà tọ́. Pijin ṣe bíi tiwa, ó dá ọ̀rọ̀ náà padà fún ìyá. Inú mi máa ń dùn bí mo bá gbọ́ ọ lójú pópó ní Ṣómólú. Inú ìwé ìdánwò nìkan ni mi ò ti fẹ́ rí i.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti débẹ̀: "in" fún ọdún àti oṣù, "on" fún ọjọ́, "at" fún aago. "I was born on 2009" kún inú CV àwọn ọmọ tó ti jáde yunifásítì pàápàá. Má bá wọn kọ ọ́.


Ẹ jọ̀ọ́ mà, oníbàárà kan gbé ìwé ìpè wá pé kí n tẹ̀ ẹ́. Ó kọ síbẹ̀ pé: "All expenses shall be born by the celebrant." Mo ní "e" kan kù níbẹ̀, ó ní kò sí ohun tó kù. Ta ló jàre?
— Atẹ̀wé, Mushin

Ìwọ lo jàre. Iṣẹ́ méjì ni "bear" ń ṣe láyé àtijọ́, ó ń bímọ, ó sì ń ru ẹrù. Nígbà tí wọ́n pín ogún fún àwọn ọmọ rẹ̀, ti ọmọ bíbí gba "born", ti ẹrù gba "borne". Owó àríyá, ẹrù ni; àwa tí a ti ṣe é rí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wòlíì Àìsáyà kan ṣoṣo lo méjèèjì. Orí 9 ẹsẹ 6 ní "unto us a child is born", a bí ọmọ kan fún wa. Orí 53 ẹsẹ 4 ní "he hath borne our griefs", ó ti ru ìbìnújẹ́ wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí Bíbélì King James ti 1611 gan-an, bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, "a child is borne" ni wọ́n kọ síbẹ̀, "e" wà nídìí ọmọ náà. Ọ̀rúndún 18 ni ìyàtọ̀ náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Títí dòní, ìyókù rẹ̀ ṣì wà nínú King James tó wà lórí tábìlì yín: 1 Sámúẹ́lì 2:5 sọ nípa àgàn pé ó "hath born seven", láìsí "e", Jeremáyà 15:9 sọ nípa obìnrin míì pé ó "hath borne seven", pẹ̀lú "e". Ọmọ méje, ọmọ méje, sípẹ́lì méjì.

Lóde òní, ti Jeremáyà la mú. Bí ìyá bá ṣíwájú tí "has" tàbí "had" sì tẹ̀ lé e, "e" á wọlé: "She has borne five children." Àwọn ọ̀rọ̀ tí nǹkan bá ti gbé nǹkan kiri náà ń gbà á: "airborne", "waterborne", "mosquito-borne". Omi ló ń gbé kọ́lẹ́rà kiri, ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ẹ̀fọn ò bí ibà.

Ẹ sọ fún oníbàárà yẹn pé kí ó fi "e" sí i kí ẹ tó tẹ igba ẹ̀dà, nítorí bí àlejò kan bá fi bú u lọ́jọ́ ìnáwó, ẹ̀yin ló máa sọ pé ẹ ò kàwé.


Màmá wa jáde láyé lẹ́ni ọdún 88. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a kọ "Nee" sórí pósítà, kí a fi orúkọ bàbá Màmá tẹ̀ lé e. Àbúrò bàbá wa ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ká yọ ọ́. Wọ́n tún ní ká kọ "Sunrise" àti "Sunset" dípò "Born" àti "Died". Ẹ là wá lóye, mà.
— Ọmọ olóòkú, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ìsìnkú. Ẹ̀yìn Màmá á dára.

Òótọ́ ni bàbá yín sọ, Faransé ni, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á wọlé tipẹ́, kò sídìí láti lé e jáde lórí pósítà Màmá. "Née" ni àwọn Faransé ń pe obìnrin tí a bí. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, "é" kan ṣoṣo ni, "né". Àmì orí "e" àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ẹ ní kí ọmọ tó ń ṣe gíráfíìkì wá a, ó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Ẹ̀yìn orúkọ ọkọ ló ń wà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1900, ọmọ ìdílé Thomas ni kí ó tó lọ ilé ọkọ. "Funmilayo Ransome-Kuti, née Thomas" ni ẹ máa kọ. Kì í ṣe "née Miss Thomas", kì í sì í ṣe "née Funmilayo Thomas". Àwọn tó le lórí ọ̀rọ̀ yìí ní orúkọ ìdílé nìkan ni ọmọ ń gbé wá sáyé, lẹ́yìn ìbí la tó ń sọ ọ́ ní tirẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn yé àwa tí a ń dúró di ọjọ́ kẹjọ. Bí pósítà náà bá sì jẹ́ ti Yorùbá, ẹ má wulẹ̀ wá "née" kiri. Ẹ kọ "ọmọ", kí ẹ fi orílẹ̀ wọn sí i, kí àwọn ará ìlú wọn lè kì wọ́n bí wọ́n bá kọjá lójú títì.

Mi ò fẹ́ràn "Sunrise" àti "Sunset". Èèyàn ni Màmá, "Born" àti "Died" ò bù wọ́n kù. Ilé ìtẹ̀wé ọmọ mi ń tẹ "Sunrise" lójoojúmọ́ nítorí owó ni wọ́n fi ń jẹun. Àmọ́ èmi tí mò ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó bọ́ sínú ẹ̀rọ, ojú mi máa ń ro.

Bí ọjọ́ ìbí wọn ò bá dá yín lójú, "c." ni ẹ máa fi síwájú ọdún, èyí tó dúró fún "circa". Ìwé ìbúra ọjọ́ orí ti kóòtù ní tirẹ̀ máa ń sọ pé "born on or about". Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ná. Ìdílé kan gbé pósítà bàbá wọn wá, "Born c. 1945". Mo ní ṣé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ìtàn kankan nípa ọjọ́ tí wọ́n bí bàbá ni. Ọ̀kan nínú wọn ní ìyá bàbá máa ń sọ pé ọjọ́ tí oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan ni. Ọjọ́ yẹn wà nínú ìwé: 20 May 1947, òṣùpá dí ojú oòrùn, òkùnkùn sì gba ilẹ̀ wa kọjá. A yọ "c." kúrò, a kọ ọjọ́ rẹ̀ gbangba.


Peckham ni mo wà, mà. Ọmọbìnrin mi tí mo bí síbí kọ sínú fọ́ọ̀mù pé "I was born Nigerian." Ìyá mi ní Iléṣà ní ó káre. Ọkọ mi ní irọ́ ló pa, nítorí London ni "place of birth" rẹ̀. Èwo ni ká mú?
— Ìyá ọmọ, London

Ọmọ yín ò parọ́. "Born in" ń sọ ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọmọ kọ́kọ́ kàn. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ míì lé "born" lórí láìsí "in", ipò tí ọmọ wà nígbà tó dé lẹ̀ ń sọ: "born poor", "born free", "born a twin". Abala 25 nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tí a bí sílẹ̀ òkèèrè, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti ìgbà ìbí rẹ̀. Bí ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nígbà tí ẹ bí i, "born Nigerian" dúró. Ní ojú ìlà "place of birth", London ni kí ó kọ. Kí ó má kọ Iléṣà síbẹ̀ nítorí pé inú Màmá máa dùn.

Ohun tí "born in" lè ṣe fúnni kò dọ́gba láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Ẹ wo Kemi Badenoch, tó di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2024. Wimbledon ní London ni wọ́n bí i sí ní 1980, Èkó ló sì ti lo ọ̀pọ̀ ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà yẹn, ìbí sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan tó láti sọni dọmọ ibẹ̀. Láti 1 January 1983 ni ẹnu ọ̀nà náà ti há: ó kéré tán, ọ̀kan nínú òbí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ibẹ̀, tàbí kó ti ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀ títí. Nàìjíríà ò ṣe tiwa bẹ́ẹ̀ lóde òní. Bí àlejò méjì láti òkè òkun bá bímọ sí Ìkẹjà, Ìkẹjà ni "place of birth" rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin wa á béèrè pé ọmọ ta ni.

Ìyá yín ní Iléṣà ńkọ́? Ẹ kọ "born in London to Ijesa parents" fún wọn. "Born to" ló ń tọ́ka sí òbí. Ẹ jìnnà sí "born by", èyí tí mo ń rí nínú ìtàn ìgbésí ayé olóògbé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. "Born of" náà wà, inú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù, "born of the Virgin Mary". Ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀.


Ṣé "last born" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni? Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Manchester ń fi mí rẹ́rìn-ín.
— Àbíkẹ́yìn

Gẹ̀ẹ́sì ni, tiwa ló pọ̀ jù nínú lílò rẹ̀. "First-born" ni àwọn tọ̀hún mọ̀ dáadáa, láti orí àkọ́bí àwọn ará Íjíbítì. Àbíkẹ́yìn, "the youngest" ni wọ́n ń sọ. Bí o bá wà ní Manchester, sọ "I'm the youngest". Bí o bá dé Ìbàdàn, "last born" ni ọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ á sì máa rán ọ níṣẹ́ lọ.


Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo bímọ sí, kí a tó dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kọ "BBA" gàdàgbà sórí káàdì ọmọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé àìsàn ni?
— Ìyá ìkókó, Ọ̀tà

Ẹ kú ewu ọmọ! Kì í ṣe àìsàn. "Born Before Arrival" ni, pé ọmọ ti dé kí ẹ tó dé. Wọ́n ń kọ ọ́ kí ẹni tó bá gba káàdì náà lè mọ̀ pé ìwọ́ ọmọ lè má jẹ́ ohun tí a fi irinṣẹ́ tó mọ́ gé, kí wọ́n lè yẹ ìdodo rẹ̀ wò, kí wọ́n sì ṣọ́ ọ nítorí tẹ́tánọ́ọ̀sì àti òtútù. Ẹ má ṣe pa á rẹ́. Bí ẹ bá sì lọ gba ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀, ẹ má kọ orúkọ ọsibítù sí "place of birth". Ibi tí kẹ̀kẹ́ dé nígbà tí ọmọ jáde ni kí ẹ kọ. Bí ó bá jẹ́ Sàǹgó ni, ẹ kọ Sàǹgó.