Èsì: Ọ́ìlì inú kabúrétọ̀ SU

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní bí ẹ bá tẹná lójijì, mọ́tò yín á kọ́kọ́ dákú díẹ̀ kó tó sáré, àti pé ẹ ò bá ọ́ìlì kankan nínú kabúrétọ̀ SU yín (ẹ̀yà tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì; SU ni orúkọ irú rẹ̀) nígbà tí ẹ ṣí i. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ́ìlì yẹn ló ń di písítìnnì inú rẹ̀ mú kó má fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Tí kò bá sí, afẹ́fẹ́ á ṣáájú epo wọlé, ẹ́ńjìnnì á sì kọsẹ̀.

Ẹ tú ìdérí orí kabúrétọ̀ náà, ẹ fa ọ̀pá tín-ín-rín inú rẹ̀ jáde, kí ẹ ro ọ́ìlì SAE 20 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) sínú ihò àárín, díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá fi ọ̀pá náà ti ọ́ìlì wò: ó yẹ kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n lára pé ó ń le nígbà tí ìdérí bá ku nǹkan bíi mìlímítà 6 kó jókòó. Bó bá ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ fi kún un. Bó bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á fà á mu, èéfín díẹ̀ á jáde, ó parí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ro ọ́ìlì gíà sí i. Ó ki jù. Mo ṣe é rí, ṣe ni ọkọ̀ mi ń wọ́ ẹsẹ̀ tí èéfín dúdú ń tú jáde. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo kìlómítà 5,000.